Ibi Tí Àṣàkẹ́ Ti Yí Padà

Bàbá mi àgbà kú ní ọjọ́ Àlàmísì, a sì sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, bí a ti máa ń ṣe. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn èèyàn ń wọlé wá bá wa ní àdúgbò wa ní Lotto. Gbogbo wọn ń sọ pé bàbá jẹ́jẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mò ń dá wọn lóhùn, mò ń bu omi fún wọn, mo sì ń ṣe àmín sí àdúrà wọn. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Bàbá náà gan-an ló ń bí mi nínú, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Láwàní ni orúkọ rẹ̀. Ìwó ni wọ́n bí i sí, àmọ́ ó ti pẹ́ ní ìhà Mòwé débi pé àwọn onílẹ̀ gan-an ń bi í léèrè ibi tí ààlà wà. Bàbá Onírédíò ni wọ́n ń pè é, torí pé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá títì ní Ìbàfò. Ìyàwó rẹ̀, Sàrátù, ọmọ Ifọ̀, jẹ́ télọ̀. Àwọn méjèèjì ló tọ́ èmi Bíńtú dàgbà láti ọdún tí iṣẹ́ ti gbé bàbá mi, Músá, lọ sí òkè ọya. Mo ti di tíṣà báyìí, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ṣì ń gbé.

Mi ò ní kọ ìtàn ayé bàbá náà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mi ò mọ ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni. Ìwọ̀nba ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Kò gbà pé nǹkan lè bàjẹ́ lọ́wọ́ òun. Tí wọ́n bá gbé rédíò wá bá a, yóò tú u, yóò fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, yóò gbé e sórí pẹpẹ, yóò sì ní kí ẹni tó ni ín padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè di oṣù mẹ́fà. Obìnrin kan tó ń ta ike ní Ìbàfò gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wá ní ọdún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n náà ò tíì kúrò lórí pẹpẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò tilẹ̀ pariwo mọ́, ó kàn ní, "Bàbá, ẹ bá mi sọ òótọ́. Ṣé ó ti kú ni?" Bàbá fa àga fún un. Ó nu ìdè irin kékeré kan tó tú lára rédíò, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó tún nu ún. Ó wá ní, "Kò kú o, ìyá. Ó ń sinmi ni."

Àwọn tó ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí kò mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí wa. Òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rọ náà ti ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń din nǹkan nínú òróró, tí wọ́n bá sì ti sọ fún un, yóò ní òun mọ̀. Nígbà tó sú àwọn ìgbìmọ̀, wọ́n pe ẹlòmíràn wá láti Ṣàgámù, onítọ̀hún sì tún un ṣe láàárín wákàtí kan. Láti ọjọ́ náà, bàbá ń wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá lọ kírun Jímọ̀ ní Ìbàfò fún oṣù mẹ́ta gbáko. Lémọ́mù fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó jókòó, ó ṣàlàyé pé wọn ò fi í wọ́lẹ̀, pé ará àdúgbò ń ráhùn ni. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Ẹ ò bi mí."

Kò sì sí ìtàn tó lè sọ lẹ́ẹ̀mejì kó bá ara mu. Bó ṣe pàdé Ìyá àgbà, tó bá sọ ọ́ lónìí, òjò ń rọ̀. Tó bá sọ ọ́ lọ́la, oòrùn ń mú ganrín-ganrín. Nígbà mìíràn, òun ló kọ́kọ́ kí i. Nígbà mìíràn, ìyá ló kọ́kọ́ kí òun. Ìyá àgbà yóò dá ìránṣọ dúró, yóò gbé ojú sókè, yóò ní, "Bàbá Músá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ̀. Mo wà níbẹ̀." Bàbá kò ní wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Èmi ni yóò kọjú sí, yóò ní, "Bíńtú, ta ló ń sọ ìtàn yìí, èmi àbí òun?"

Èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù ni bó ṣe ń wo fíìmù. Kì í jókòó. Gbogbo wa lè wà lórí àga àti lórí ẹní, òun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, á káwọ́ sẹ́yìn, á tẹ́ etí sí ara rẹ̀ bíi dókítà. Àwòrán kò kàn án. Ó ń gbọ́ bóyá tẹlifíṣọ̀n náà ń mí dáadáa ni. Tí ọkùnrin àti obìnrin bá ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ìfẹ́, á kúrò ńbẹ̀, á lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ó ní, "Níbi tó bá ti dùn ni ẹ̀rọ ti ń dalẹ̀."

Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí nígbà náà. Ní ọdún tó kọjá ni mo mọ̀ ọ́n.

Kí ó tó di onírédíò, bàbá ti bá ẹgbẹ́ òṣèré kan ṣiṣẹ́. Ó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń gbé fíìmù Yorùbá kiri ìlú, tí wọ́n ń ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn èèyàn á sì sanwó wọlé. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ sinimá wọn. Fíìmù ìfẹ́ kan ni wọ́n gbé kiri jù, *Àṣàkẹ́ Ń Bọ̀ Wálé*. Àwọn àgbàlagbà tó rí i nígbà náà kì í dákẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àṣàkẹ́ fẹ́ Àkànní, káfíńtà tí kò ní nǹkan kan. Ọkùnrin tó ti kọ́kọ́ fẹ́ ẹ sọ́nà dé láti Èkó pẹ̀lú mọ́tò, nígbà tó sì padà, ó fi tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ránṣẹ́ sí i kó wá bá òun. Àṣàkẹ́ di ẹrù rẹ̀, ó gbọ̀nà ibùdókọ̀ rélùwéè lọ. Ní ìparí, ó ti padà sílé, ó jókòó sétí ibùsùn, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì Àkànní, kò sì sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ibùdókọ̀ àti ibùsùn ni Ìyá àgbà kò rí.

Ọmọṣẹ́ télọ̀ ni ní Ifọ̀ nígbà náà. Ọ̀gá rẹ̀ gba iṣẹ́ láti rán aṣọ dúdú sí fèrèsé gbọ̀ngàn kí wọ́n lè fi fíìmù náà hàn lọ́sàn-án, ní ọjọ́ kejì Iléyá. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìyá ṣe ń sọ ọ́ nìyí: "Mo wà lórí àga ìjókòó, ojú mi ò kúrò lára aṣọ funfun. Àṣàkẹ́ ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú rélùwéè. Rélùwéè fọn fèrè. Ni ẹnì kan bá fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo wẹ̀yìn, ọkùnrin onísinimá ni. Ó ní kí n jọ̀ọ́, òun fẹ́ bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan níta. Nígbà tí mo fi máa padà wọlé, Àṣàkẹ́ ti ń rán bọ́tìnnì."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi bàbá ohun tí Àṣàkẹ́ ṣe. Ó bi í nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra, ó bi í nígbà tó bí bàbá mi, ó bi í lójú mi láìmọye ìgbà. Bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ṣebí ó padà? Kí ni ìwọ tún ń wá?"

Ní ọdún tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà rí fíìmù náà, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí síídì fún wíwò nílé, wọ́n sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rà á ní Mòwé lọ́jọ́ tí mo rí i. Inú mi dùn débi pé mi ò lè dúró de bọ́ọ̀sì kòròpé, ọ̀kadà ni mo gùn délé. Ìyá àgbà wẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí àsàlátù, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Bàbá dúró ní ipò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

Àṣàkẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan sínú rélùwéè. Rélùwéè fọn fèrè. Lẹ́sẹ̀ kan náà, Àṣàkẹ́ wà létí ibùsùn, ó ń rán bọ́tìnnì.

Ìyá àgbà ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Bákan náà ni. Ó ní kí n nu síídì náà. Mo nu ún. Ó ní kí n wò ó bóyá mo tẹ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó yíjú sí bàbá.

"Bàbá Músá, níbo ló wà?"

Bàbá ní, "Wọ́n ti gé e."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ṣe síídì. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ nǹkan. Wọ́n fẹ́ kó kúrú."

Ìyá àgbà kì í bú èèyàn, àmọ́ ó bú àwọn ará Ìkẹjà náà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, tíṣà kan sọ fún mi pé ibi tí fíìmù náà ti fò yẹn ló wu òun jù, pé ẹni tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ kí kálukú lè rò ó fúnra rẹ̀ ni. Àwọn èèyàn ń kọ irú rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Mo sọ ọ́ fún bàbá. Ó mi orí, ó ní, "Wọn ò mọ̀ pé ihò ni."

Ìyá àgbà ló ní kí èmi àti bàbá lọ bá wọn. Bàbá ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ìyá ní ẹsẹ̀ tó ń gbé e lọ sí Ìbàfò lójoojúmọ́ á gbé e dé Ìkẹjà. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, a sì lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà wá lálejò ní ọ́fíìsì náà dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa tán, kò bínú. Ó ní, "Bàbá, a ò gé nǹkan kan. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù láyé, inú yàrá ẹrù olóògbé ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèré tó ṣe é la ti rí i. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín." Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi àwòrán fíìmù náà gan-an hàn wá, pẹrẹsẹ bíi téèpù ìwọnṣọ. Ó nàka sí ibì kan. "Ibi tí rélùwéè ti fọn fèrè nìyí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ti fi abẹ gé e, ó wá fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Téèpù yìí jù mí lọ lọ́jọ́ orí, bàbá."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wò ó pẹ́.

"Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọṣẹ́," ló wí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ó gún régé. Mo wo ojú bàbá mi àgbà. Kò wo tèmi.

A wọ mọ́tò dé Ìbàfò. Ó ní òun fẹ́ ya ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sáàárín àwọn tẹlifíṣọ̀n tó ń sinmi, ó fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ sọ ọ́."

Ó ní, "Èmi ni, Bíńtú."

Ó ní ẹ̀rọ náà ní róòlù méjì, ọ̀kan ń tú fíìmù, èkejì ń ká a. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ní Ifọ̀, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ó sì jáde pẹ̀lú ìyá. Èyí tó ń ká a dáwọ́ dúró. Fíìmù ń lọ lára aṣọ funfun, àwọn èèyàn ń wò ó, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan, àmọ́ ilẹ̀ ló ń dà sí. Nígbà tó fi padà wọlé, ó ti ká mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, àwọn ọmọdé ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ti ya yánnayànna. Ó gé ibi tó ya kúrò, ó lẹ àwọn tó kù pọ̀, ó sì dáná sun àwọn tó gé. Kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Láti ìlú kejì lọ, ihò ló ń fi han àwọn èèyàn.

"Ẹ wá jẹ́ kí ìyá máa bú àwọn ọlọ́mọ?"

"Mo rò pé wọ́n á ní ẹ̀dà mìíràn níbì kan ni. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe síídì, inú mi dùn. Mo ní, ó parí, á rí i wàyí."

"Ẹ ò bá sọ fún un lọ́jọ́ náà."

Ó mú ìdè kan nílẹ̀, ó fi sápò. "Má sọ fún un, Bíńtú. Jẹ́ kó máa bínú sí àwọn tí kò mọ̀."

Mo bínú gan-an. Mo ní mi ò ní sọ, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ, kó sì sọ ohun tí Àṣàkẹ́ ṣe kí n lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù. Ṣebí ó ti fi fíìmù náà hàn ní ìlú bíi mẹ́wàá kí wọ́n tó dé Ifọ̀. Ó gbà. Ní ọjọ́ Sátidé, ó ní Àṣàkẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè, ẹrù rẹ̀ sì bá rélùwéè lọ. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ó ní Àkànní ló wá sí ibùdókọ̀ wá mú un. Ní ọjọ́ Ajé, ó ní ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì bi Àṣàkẹ́ níbi tó ń lọ, Àṣàkẹ́ kò sì lè dá a lóhùn. Mo pa fóònù.

"Bàbá, èwo ni òótọ́?"

Ìyẹn ni ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tí ojú tì í. Ó ní, "Ojú ẹ̀rọ ni mò ń wò, Bíńtú. Gbogbo ìgbà yẹn, ojú ẹ̀rọ ni mò ń wò."

Bí a ti délé láti Ìkẹjà, ó ti sọ fún ìyá pé wọn ò rí ibi tí wọ́n gé mọ́. Ó ṣèlérí pé òun á sọ òótọ́ fún un ní ọjọ́ Jímọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ní ara ìyá kò yá. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kejì, ó ní àlejò wà nílé. Mo ń wò ó bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń dúpẹ́ oúnjẹ, bí ìyá ṣe ń bú àwọn ará Ìkẹjà, tí òun sì ń mi orí. Mo fẹ́ ké. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe báyìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru wá gbé e dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Àìkú kan, ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì lò níbẹ̀. Mo jókòó tì í ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Ìyá lọ ra omi. Mo rò pé ó ti tó àsìkò, mo tẹ́ etí sí ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o ti ti ṣọ́ọ̀bù?"

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àlejò ti dínkù, Ìyá àgbà pè mí sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní, "Bíńtú, láti ọjọ́ tí ẹ ti Ìkẹjà dé ni ìwọ àti bàbá rẹ ò ti lè wo ojú ara yín. Kí ni wọ́n wí gan-an?"

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo jẹ́ kó gbọ́ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú fóònù. Kò sunkún. Ó ká aṣọ tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀ sí kékeré, ó tún ká a sí kékeré sí i.

"Ó sọ mí di ẹni tó ń bú aláìṣẹ̀," ló wí. Ó tún ní, "Ká ní ó sọ fún mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ni ǹ bá rín. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Kí ni mo mọ̀ tí mi ò ní rẹ́rìn-ín?"

Ní ọjọ́ kẹta, ó ní ọmọṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ òun kan ṣì wà ní Ifọ̀, Àlímótù, pé ẹ̀gbẹ́ òun gan-an ló jókòó sí ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Ìyẹn á ti rí ohun tí Àṣàkẹ́ ṣe. Mo ní kí ìyá jẹ́ kí àkókò opó rẹ̀ pé ná, pé wọ́n á sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n máa sọ ọ́. Ó gbà láti dúró, àmọ́ kò jẹ́ kó fi ọjọ́ kan lé oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀sìn wa ní kí opó fi jókòó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó parí rẹ̀, a gba ọ̀nà Ọ̀fàdà lọ, ihò kún ọ̀nà náà, ìyá kò ráhùn lẹ́ẹ̀kan.

Àlímótù fúnra rẹ̀ ti di arúgbó, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ já gaara, ó sì dá ohùn ìyá mọ̀ kí a tó jókòó. Wọ́n dì mọ́ra. Wọ́n dárúkọ àwọn tó ti kú. Ìyá wá bi í.

"Àlímótù, fíìmù ọjọ́ kejì Iléyá. Àṣàkẹ́ gbé ẹsẹ̀ sínú rélùwéè. Kí ló ṣe lẹ́yìn náà?"

Obìnrin náà ronú. Ó ń fi ìka pa iwájú orí rẹ̀. Mo ti tan fóònù mi láti gba ohùn rẹ̀.

"Mi è rí i," ló wí.

"O wà níbẹ̀. O jókòó tì mí."

"Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí ọkùnrin yẹn pè ọ́ jáde, mo ká aṣọ dúdú díẹ̀. Ìwọ àti òun ni mò ń wò."

Ìyá àgbà sún àga rẹ̀ mọ́ ọn.

"O ti sáré jáde láì wọ bàtà," ni obìnrin náà ń bá a lọ. "Sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yẹn gbóná, o ń gbé ẹsẹ̀ kan sọ èkejì. Ó bọ́ bàtà tiẹ̀ fún ọ. Bàtà náà tóbi bí ọkọ̀. Òun wá dúró lórí sìmẹ́ńtì gbígbóná, ó ń bá ọ sọ̀rọ̀, ó ń ṣe bí ẹni pé kò gbóná. Mo ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo àwa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló ń wò yín. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó ráyè Àṣàkẹ́."

Mo pa fóònù. Ìyá àgbà ní òun ti gbàgbé bàtà yẹn pátápátá. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè bó ṣe lè gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá. Ó wo títì lọ títí. Ó ní, "Kọ ọ́. Kọ ọ́ pé ó parọ́ fún mi. Kọ ọ́ pé mi è rí fíìmù náà parí, àti pé kò ní sí ẹni tó máa rí i parí mọ́. Má kàn kọ ọ́ pé ó ṣì ń dùn mí."

Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ló ṣì ń dùn.